Wíwọn Ohun Tí Àyípadà Fi Kún Agbára Ẹ́ńjìnnì

Nǹkan méjì ló ṣeé wọ̀n nínú iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń ṣe: ipá tó fi ń yí ọ̀pá rẹ̀, àti iye ìgbà tó ń yí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Newton-mítà ni wọ́n fi ń ka ipá yíyí. Bí wọ́n bá fi iye ìyípo sọ ọ́ di púpọ̀, tí wọ́n sì fi 9,549 pín èsì rẹ̀, agbára ló jáde yẹn, ní kìlówáàtì. Kìlówáàtì kan tó agbára ẹṣin 1.34. James Watt, ará Scotland, ló fi ẹṣin ṣe òṣùwọ̀n nígbà tó ń wá bí yóò ṣe ta ẹ̀rọ onísítíìmù fáwọn tó jẹ́ pé ẹṣin ni wọ́n mọ̀ ọ́n lò. Ọjà títà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ara páálí fílítà àti sàlẹ́ńsà ni wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ jù lónìí.

Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ pàápàá kì í dúró sójú kan. Títí di nǹkan bí ọdún 1972, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń gbé ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lóun nìkan láti wọ̀n ọ́n, láìsí ọ̀pọ̀ nínú ẹrù tí yóò máa fà tó bá wọnú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n yí ìlànà padà, agbára dín kù lórí ìwé, ẹ́ńjìnnì ò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Irú rẹ̀ tún wáyé lórí ọkọ̀ ọdún 2006. Ẹ́ńjìnnì V6 oní-lítà 3.0 tó wà nínú Camry, èyí tí àwọn awakọ̀ Nàìjíríà ń pè ní Big Daddy, já láti agbára ẹṣin 210 sí 190, nítorí pé SAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, mú ìlànà ìwọ̀n le sí i. Ẹni tó ra ti 2005 àti ẹni tó ra ti 2006, ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ń wà. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yí nǹkan padà lára ọkọ̀ kò nílò kó mọ iye agbára ọkọ̀ náà gan-an. Ìyàtọ̀ ló ń wá. Òṣùwọ̀n tó ń ṣàṣìṣe bákan náà nígbà gbogbo wúlò fún un ju èyí tó péye lónìí tó sì yà bàrá lọ́la.

Ara èèyàn kò sí lára àwọn òṣùwọ̀n yìí. Etí ló kọ́kọ́ ń tan awakọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀ máa ń bú ramúramù, ariwo náà á sì jọ agbára létí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ńṣe ló lọ́ra sí i díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré. Tòtù tí wọ́n tún ṣe kó lè tètè ṣí náà ń tanni. Ọkọ̀ á fò síwájú bí ẹsẹ̀ bá ṣe kàn án, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ pátá, kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí ti àná. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó: ẹni tó ti ka owó gọbọi fún oníṣòwò ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ kì í tètè gbà pé òun ò rí nǹkan kan.

Iṣẹ́ ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ kí sípánà tó kan ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ló ti rìn tó kó tó dé Àpápá tàbí Kútọnu, agbára tó sì ti sọnù lára irú wọn lè ju èyí tí ẹ̀yà tuntun kan máa fi kún un lọ. Púlọ́ọ̀gì tó ti jó, fílítà epo tó dí, bíréèkì tó rọra ń di táyà mú, táyà tí gáàsì inú rẹ̀ kò tó, gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti dára kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Géèjì tí wọ́n ń dè mọ́ ojú ihò púlọ́ọ̀gì á sọ bí ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Kí gbogbo wọn súnmọ́ra ṣe pàtàkì ju kí ọ̀kan ga fíofío lọ.

Bí wọn ò bá kọ́kọ́ ṣe èyí, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ kò le láti rò. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mọkáníìkì kó bá wọn fi fílítà afẹ́fẹ́ alágbára kan sí i. Bó ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé púlọ́ọ̀gì ti dúdú, ó bá wọn pààrọ̀ rẹ̀. Ó fọ tòtù. Ó yọ orí bátìrì kí iná má bàa já. Ọkọ̀ jáde, ó ń fà dáadáa, fílítà sì gba gbogbo ìyìn, torí òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde nílé. Bátìrì tí wọ́n yọ nìkan tó láti da èsì rú. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń fi ìrìn ojoojúmọ́ kọ́ bí epo tó ń tú ṣe yẹ kó pọ̀ tó, ẹ̀kọ́ náà sì sábà máa ń parẹ́ tí iná bá kúrò lórí rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní láti tún rìn fún ọjọ́ mélòó kan kí ara rẹ̀ tó padà sípò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá kù á dúró dìgbà mìíràn.

Afẹ́fẹ́ ni olórí oúnjẹ ẹ́ńjìnnì, epo kàn ń tẹ̀ lé e ni. Gíráàmù afẹ́fẹ́ bíi 14.7 ló ń bá gíráàmù epo bẹntiróòlù kan lọ kí méjèèjì tó jóná tán láìṣẹ́kù. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́, agbára á dín kù. Bí ooru bá fi digíríì mẹ́ta lé sí i, afẹ́fẹ́ á fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ sí i. Ọ̀rinrin náà máa ń gba àyè mọ́ ọ́síjìn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá mú ọ̀sán kan lásìkò òjò l'Ékòó, tí ooru jẹ́ digíríì 30, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ooru jẹ́ digíríì 20, tí ọ̀rinrin ò sì ju ìdá 30 lọ, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ẹ́ńjìnnì rí fà lówùúrọ̀ ọyẹ́ á fi ohun tó lé ní ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọ̀sán yẹn lọ. Ẹni tó wọn ọkọ̀ rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, tó wá lọ fi páìpù tuntun sí i, tó sì tún un wọ̀n lóṣù kejìlá, ọyẹ́ ló wọ̀n.

Bí ilẹ̀ ṣe ga tó náà kó ipa tirẹ̀. Jos ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, ìfúnpá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti etí òkun. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò á mọ̀ ọ́n lára. Ìlànà kan wà tí SAE ń pè ní J1349, tó ń ṣírò èsì padà sí ooru digíríì 25 àti ìfúnpá kìlópásíkà 99, kí ìwọ̀n ibì kan lè ṣeé fi wé ti ibòmíràn. Ó wúlò fún ẹni tó ní irinṣẹ́. Fún ẹni tó ń ṣe é nílé, ohun tó rọrùn jù ni pé kí ìwọ̀n àkọ́kọ́ àti ìkejì má jìnnà síra: ọjọ́ kan náà, láàárín wákàtí kan bó bá ṣeé ṣe.

Ẹrù inú ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá ara mu. Nínú ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,300, èrò kan tó wọ̀n tó 70 ti lé ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo náà. Lítà epo 40 wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 30. Éèsì gbọ́dọ̀ wà ní pípa, torí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ń jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì ní tààràtà. Táyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Táyà 195/65R15 ga tó mílímítà 634. Ẹni tó bá fi 205/65R15 rọ́pò rẹ̀ ti fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kún gíga rẹ̀, mítà eré ọkọ̀ á sì máa fi bẹ́ẹ̀ ka eré kéré sí bó ṣe rí. Wọn kì í pààrọ̀ táyà láàárín ìwọ̀n méjì.

Ohun èlò tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò pọ̀. Aago tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ kò dára tó, nítorí pé kí ojú rí abẹ́rẹ́ mítà, kí ọwọ́ tó tẹ aago, nǹkan bí ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ, ìyẹn sì lè ju gbogbo èrè tí wọ́n ń wá lọ. Fóònù ló yẹ iṣẹ́ yìí. Wọ́n á dè é mọ́ ẹ̀yìn sítíárín kó kọjú sí mítà, wọ́n á sì tan fídíò rẹ̀. Fídíò fóònù sábà máa ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.03 lọ. Nígbà tí wọ́n bá délé ni wọ́n á máa ṣí àwòrán náà níkọ̀ọ̀kan: ibi tí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ti bo àárín ìlà kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, àti ibi tó ti bo àárín ìlà 80. Iye àwòrán tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n á fi 30 pín. GPS inú fóònù kò lè ṣe èyí, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ ibi tí ọkọ̀ dé. Àwọn ẹ̀rọ GPS kéékèèké tí wọ́n ṣe fún eré ọkọ̀, tó ń sọ ọ́ ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ló lè bá fídíò dù ú.

Pé mítà eré ń parọ́ díẹ̀ kò da nǹkan kan rú. Òfin àgbáyé tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń tẹ̀ lé kò gbà kí mítà ka eré kéré sí bó ṣe rí, ṣùgbọ́n ó gbà á láyè láti kà á pọ̀ díẹ̀. Irọ́ kan náà ló ń pa lójoojúmọ́.

Ìwọ̀n láti ìdúró kò dára, nítorí pé bí ẹsẹ̀ ṣe fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ àti bí táyà ṣe di ilẹ̀ mú ló ń pinnu rẹ̀. Àárín eré 40 sí 80 ló dára, nínú jíà kan ṣoṣo. Jíà tí wọ́n máa lò dá lórí ibi tí àyípadà náà ti yẹ kó ṣiṣẹ́. Fílítà, páìpù àti sàlẹ́ńsà kì í fi nǹkan kan hàn títí ẹ́ńjìnnì á fi máa sáré gan-an, nítorí náà jíà kejì ló bá wọn mu. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké onímọ́nú, eré 80 nínú jíà kejì ti lé ní ìyípo 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá agbára ìsàlẹ̀ ti sọnù á tún fi jíà kẹta ṣe é. Èyí kì í ṣe àsọdùn: ọ̀pọ̀ àyípadà kì í fi agbára kún ọkọ̀ rárá, ńṣe ni wọ́n ń ṣí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹni tó ń wa ọkọ̀ nínú gosíló Ìkejà kò sì ní ohun tó ń fi ti òkè ṣe. Ọkọ̀ onítọ́mátíìkì máa ń yí jíà fúnra rẹ̀, nítorí náà láti eré 30 ni wọ́n ti ń tẹ tòtù dé ilẹ̀, kí ọkọ̀ ti mú jíà tó fẹ́ kó tó kọjá 40.

Ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ tẹ́, kó gùn tó ìlàjì kìlómítà, kó má sì ní èrò. Òpópónà tí ọkọ̀ àti ọlọ́kadà ń gbà kì í ṣe ibi ìwọ̀n, bó ti wù kó dá tó. Inú ọgbà ilé iṣẹ́ tí wọ́n gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ oní-nǹkan, tàbí pápá ìje, ló bójú mu. Awakọ̀ á gbájú mọ́ ọ̀nà. Ẹlòmíràn ni yóò máa wo fóònù. Àti lílọ àti bíbọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kí afẹ́fẹ́ àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lè pa ara wọn rẹ́. Ilẹ̀ tó fi mítà kan ṣoṣo ga sí i láàárín ọgọ́rùn-ún mítà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn sójú, àmọ́ ó ń gba nǹkan bíi kìlówáàtì 2 lọ́wọ́ ọkọ̀ oníkìlógíráàmù 1,300 tó ń sáré 60.

Ìṣirò rẹ̀ kò ju ti ọmọ girama lọ. Wọ́n á fi 3.6 pín eré méjèèjì kí wọ́n lè di mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá: 80 á di 22.2, 40 á di 11.1. Wọ́n á sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, wọ́n á yọ kékeré kúrò nínú ńlá, wọ́n á sì fi ìdajì ìwúwo ọkọ̀ sọ ohun tó ṣẹ́kù di púpọ̀. Fún ọkọ̀ oníkìlógíráàmù 1,300, ó ń lọ sí nǹkan bíi kìlójúùlù 241. Tí wọ́n bá fi iye ìṣẹ́jú àáyá pín in, agbára tó ti ọkọ̀ náà síwájú ló jáde yẹn. Agbára tí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà àti táyà ń jẹ kò sí nínú rẹ̀, nǹkan bíi kìlówáàtì 4 sì ni lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní eré 60, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó wà nínú ìwọ̀n méjèèjì, ìyàtọ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àpẹẹrẹ kan á jẹ́ kó yéni. Ká ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tí ooru jẹ́ digíríì 34, ni wọ́n wọn ọkọ̀ yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, lílọ mẹ́ta, bíbọ̀ mẹ́ta: 4.57, 4.66, 4.60, 4.63, 4.54, 4.60. Àárín rẹ̀ jẹ́ 4.60. Wọ́n jẹun, wọ́n tú fílítà àtijọ́, wọ́n de tuntun, boòtù kan bọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n wá a. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n tó tún jáde: 4.47, 4.40, 4.52, 4.43, 4.50, 4.38. Àárín rẹ̀ di 4.45. Èyí tó lọ́ra jù nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì yá ju èyí tó yá jù nínú ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé bóyá orí ló ṣe é. Kìlówáàtì 52.3 ti di 54.1. Agbára ẹṣin méjì àti díẹ̀ ti wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì palẹ̀ mọ́ lọ sílé níbẹ̀ yẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ kù sí. Wọ́n ní láti tú fílítà tuntun náà, kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n nínú ìrọ̀lẹ́ kan náà. Ká ní wọ́n ṣe é láago mẹ́fà, ó sì jáde báyìí: 4.46, 4.51, 4.42, 4.49, 4.44, 4.50. Àárín rẹ̀ jẹ́ 4.47. Fílítà ti kúrò, èrè ò bá a lọ. Ooru tó ti wálẹ̀ sí digíríì 26 ló mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá, 0.02 tó kù kéré ju bí ìwọ̀n kan ṣe ń yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀ lọ. Èrè tí kì í lọ nígbà tí wọ́n bá yọ ẹ̀yà tó ní òun ló mú un wá kì í ṣe ti ẹ̀yà náà. Dídá ti àtijọ́ padà yìí ni àwọn tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe kì í fẹ́ ṣe, torí ó ń sunni, ọwọ́ sì ti dọ̀tí. Síbẹ̀ òun ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, ẹni tí kò bá ní àyè láti ṣe é kò nílò láti ṣe ìyókù.

Ọ̀nà kan wà láti mọ èrè tí fílítà lè mú wá kí wọ́n tó ra á rárá. Rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, irú èyí tí bíríkìlà ń bu omi sí láti fi wo ìpele ilé, ló ń ṣe é. Wọ́n á kan rọ́bà náà mọ́ pákó tó gùn tó mítà kan ààbọ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kó sì gòkè ní èkejì. Wọ́n á bu omi sí i dé ìdajì. Bí wọ́n bá da omi sóbò díẹ̀ mọ́ ọn, á hàn dáadáa nínú fídíò. Ẹnu kan á wà ní ṣíṣí sínú ọkọ̀. Ẹnu kejì á gba ojú fèrèsé lọ sí ihò kékeré kan lára páìpù tó wà láàárín fílítà àti tòtù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, omi á dọ́gba. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ tòtù dé ilẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń sáré dé òkè, omi á lọ sókè ní ẹ̀gbẹ́ tó so mọ́ páìpù, á sì lọ sílẹ̀ ní èkejì.

Ìfúnpá afẹ́fẹ́ ayé yìí tó láti gbé omi sókè ní mítà 10 àti díẹ̀. Sẹ̀ntímítà 10 tí omi bá fi yàtọ̀ nínú rọ́bà túmọ̀ sí pé fílítà àti páìpù rẹ̀ ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ 15 lórí ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 120, a jẹ́ pé bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ fílítà jù sígbó, ohun tí ẹ́ńjìnnì rí gbà kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju agbára ẹṣin méjì lọ. Páálí tó ń ṣèlérí 10 ti tú fúnra rẹ̀. Rọ́bà yìí tún ń fi ẹni tó jẹ̀bi hàn: bí wọ́n bá gbé ẹnu rẹ̀ sí iwájú fílítà, tí omi ṣì yàtọ̀ bákan náà, fílítà kò mọwọ́mẹsẹ̀, ẹnu tóóró tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni kí wọ́n lọ bá.

Ewu rẹ̀ kan ṣoṣo kò ṣeé fojú kéré. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó máa so rọ́bà náà mọ́ ẹ̀yìn tòtù, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ tagbáratagbára nígbà tí tòtù bá pa dé. Fífà yẹn lè gbé omi sókè ní mítà 6, bẹ́ẹ̀ pákó tí wọ́n kan rọ́bà mọ́ ò ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Sìlíńdà tó bá gbé omi mì kò lè fún un pọ̀, kọ́ńrọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀. Kódà níwájú tòtù, ó dára kí ike òfìfo kan wà láàárín rọ́bà àti páìpù tó máa gba omi bó bá ṣèèṣì gòkè jù.

Fún sàlẹ́ńsà, géèjì ìfúnpá ni wọ́n ń dè sí ojú ihò sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, nígbà tí páìpù ṣì tutù. Àwọn mọkáníìkì gbà pé kò yẹ kó kọjá nǹkan bíi psi 1.25 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, tàbí psi 3 ní ìyípo 2,500. Bó bá wà lábẹ́ èyí, kò dájú pé sàlẹ́ńsà ńlá máa mú ju ariwo wá. Bó bá kọjá rẹ̀, katalísì ló sábà máa ń dí.

Ẹ̀rọ síkáànà náà ní ohun tó ń sọ. Gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ẹnu OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ kékeré ELM327 tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa sì lè gbé ohun tó wà níbẹ̀ lọ sórí fóònù. Lára ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ MAF, iye gíráàmù afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá á hàn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fi 1.25 sọ ọ́ di púpọ̀ láti fojú díwọ̀n agbára ẹṣin nígbà tí tòtù bá ṣí tán: gíráàmù 95 á di nǹkan bíi 119. Ó dára fún ìfiwéra, ṣùgbọ́n ó ní àléébù ńlá kan. Sẹ́ńsọ̀ náà gbà pé páìpù tí òun wà nínú rẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá gbé e sínú páìpù tó fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ á rọra kọjá lójú rẹ̀, á kà á kéré, kọ̀ǹpútà á sì tú epo kéré. Ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ kò tó lórí tòtù ṣíṣí tán máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ, písítọ́ọ̀nù rẹ̀ lè jó.

Ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé náà wà lójú síkáànà, ó sì tọ́ kí wọ́n wò ó. Fílítà ṣónṣó tí wọ́n dè sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì láìsí ohun tó bò ó lè máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lẹ́yìn rẹ́díétọ̀. Bí ti ilé iṣẹ́ bá ń fa digíríì 35, tí tuntun ń fa 60, afẹ́fẹ́ ti fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́, àdánù ni wọ́n rà. Ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń tan iná tún wà níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá gbọ́ pé epo ń bú nínú sìlíńdà, á fa ìgbà náà sẹ́yìn, agbára á sì dín kù. Epo láti ilé epo méjì tó yàtọ̀ lè fa irú èyí, nítorí náà epo inú táǹkì kan náà ni wọ́n fi ń parí ìwọ̀n.

Dáínò, ẹ̀rọ tí táyà ọkọ̀ ń yí róólà rẹ̀, ló ń yanjú ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà pátápátá. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́: Gaspard de Prony, ará Faransé, ló ṣe bíréèkì tó ń wọn agbára ọ̀pá ní ọdún 1821, William Froude ní England sì fi omi ṣe irú rẹ̀ ní 1877. Agbára tó dé táyà ni dáínò ń kà, ó sì máa ń kéré sí ti ìwé ọkọ̀ torí ohun tí gíábọ́ọ̀sì jẹ. Róólà oríṣiríṣi kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Róólà kan náà, ọjọ́ kan náà, gáàsì táyà kan náà, fáànù níbì kan náà, ìwọ̀n mẹ́ta ṣáájú àti mẹ́ta lẹ́yìn ni owó dáínò wà fún. Kí wọ́n béèrè fún èsì tí wọn ò tíì ṣírò padà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti ṣírò, nítorí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lè tẹ nọ́ńbà ojú ọjọ́ bó ṣe wù ú.

Bó bá jẹ́ pé epo tó ń jẹ ni àyípadà náà ní òun máa dín kù, ìwọ̀n wákàtí kan kò lè sọ ọ́. Wọ́n á kún táǹkì títí ẹnu pọ́ńpù á fi já fúnra rẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, wọ́n á rin ìrìn tí wọ́n ń rìn lójoojúmọ́, wọ́n á sì padà kún un níwájú pọ́ńpù kan náà, kí ọkọ̀ dúró bó ṣe dúró nígbà àkọ́kọ́. Lítà tó wọlé ni wọ́n á fi iye kìlómítà pín, kí wọ́n fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Lítà 32 lórí kìlómítà 400 jẹ́ lítà 8 fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Táǹkì kan kò tó: mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú, iye kan náà lẹ́yìn, kí wọ́n sì fo ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ bá lọ sí ìrìn àjò tàbí tí wọ́n sùn sínú gosíló.